Bí Ọmọ Ṣe Ń Wọ Kíláàsì G&T ní Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọba ní New York

Ẹ̀yin òbí wa tí ń gbé ní New York, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín bí ọmọ yín bá ń múra àtiwọ kíńdágátìn, tàbí bí ó bá wà ní kíláàsì kejì lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ló ṣì gbà pé ìdánwò ni ọmọ fi ń wọ kíláàsì àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé ní ilé-ìwé ìjọba, kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Gifted and Talented, tàbí G&T ní kúkúrú. Ìdánwò náà ti dópin láti ọdún 2021. Ẹ má sanwó fún olùkọ́ àdáni nítorí rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni G&T, bíi ti ilé-ìwé ìjọba yòókù. Ohun tí àwọn ọmọ yòókù ń kọ́ náà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ń yára jù, wọ́n sì ń walẹ̀ jìn jù. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni kíláàsì tó wà nínú ilé-ìwé àdúgbò, tí àwọn ọmọ ẹkùn náà ń lọ. Èkejì ni ilé-ìwé tó jẹ́ pé G&T ni gbogbo rẹ̀, tí ọmọ láti ibikíbi nínú ìlú lè lọ. Márùn-ún ni irú èyí: Anderson, NEST+m àti TAG Young Scholars ní Manhattan, Brooklyn School of Inquiry, àti The 30th Avenue School ní Queens. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kankan ní Bronx, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà.

Nígbà ìdánwò, ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó tì. Ibi tí òbí ti rí owó san fún ìmúrasílẹ̀ ni àwọn tó yege pọ̀ sí. Ẹkùn 7 àti 12 ní Bronx, àti 16 àti 23 ní Brooklyn, lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní kíláàsì G&T kan, nítorí pé àwọn ọmọ tó yege níbẹ̀ kò tó. Ní January 2021, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà kọ̀ láti tún àdéhùn ìdánwò ṣe. Olórí ìlú nígbà náà, Bill de Blasio, fẹ́ kí ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, àmọ́ Eric Adams tó gbapò rẹ̀ dá a dúró ní 2022. Ó ní kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan nínú 32 ní kíláàsì tirẹ̀, ó sì fi àyè 100 kún ti kíńdágátìn àti àyè 1,000 kún ti kíláàsì kẹta.

Bí wọ́n ṣe wá ń ṣe é nìyí. Òbí yóò kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lórí MySchools, yóò sì mú ilé-ìwé tó ní G&T mọ́ àwọn tó yàn. Olùkọ́ Pre-K ọmọ náà ni yóò sọ bóyá ó yẹ. Bí òbí kò bá yan G&T, kò sí ẹni tí yóò bi olùkọ́ léèrè, bó ti wù kí orí ọmọ náà pé tó. Ọmọ tí kò lọ Pre-K ìjọba, bóyá ilé-ìwé Mùsùlùmí aládàáni ló ń lọ tàbí ilé ló wà, òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni yóò bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀. Wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ òbí, bẹ́ẹ̀ ni òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè béèrè fún ògbufọ̀.

Ohun tí olùkọ́ ń wò ni bóyá ọmọ ń béèrè ìbéèrè, bóyá ó ń dá nǹkan ṣe, bóyá ó tètè ń lóye. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀kọ́ ilé wa. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa kì í ranjú mọ́ àgbà, kì í já lu ọ̀rọ̀, a sì ti sọ fún un pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Olùkọ́ tí kò mọ àṣà wa lè rò pé ọmọ náà kò ní ìtara ni. Ẹ má wulẹ̀ yí ọmọ yín padà. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀ kó tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ sọ fún un bí ọmọ bá ti há súrà mẹ́wàá sórí, tàbí bó bá ń bá ìyá-àgbà rẹ̀ sọ Yorùbá lórí fóònù, tó tún ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àbúrò rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìgbéraga.

Bí ọmọ bá yẹ, kò tíì rí àyè o. Àwọn tó yẹ máa ń pọ̀ ju àyè lọ, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣẹ́ gègé fún wọn. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà ní ilé-ìwé náà ní àǹfààní tirẹ̀. Lọ́tìrì ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ yẹn sì lè ba àwọn mìíràn lẹ́rù, nítorí pé haràámù ni tẹ́tẹ́. Èyí kì í ṣe tẹ́tẹ́, nítorí kò sí ẹni tó fi owó lélẹ̀. Qur'ah ni àwọn àáfà ń pè é, Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) sì máa ń ṣe é láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀ tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò. Bí ẹ ṣe fẹ́ràn àwọn ilé-ìwé náà sí ni kí ẹ ṣe tò wọ́n. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Àmọ́ ẹ ro ti ọ̀nà. Ọmọ tó ń lọ ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́, tó tún ń lo wákàtí kan nínú ọkọ̀ láti Bronx, yóò ti rẹ̀ kó tó ṣí wàláà.

Ní October 2025, nígbà tí Zohran Mamdani ń du ipò olórí ìlú, ó sọ pé òun yóò fòpin sí gbígba ọmọ kíńdágátìn sínú G&T. Ó gorí àléfà ní January 2026. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí MySchools sọ nípa ọdún tí ọmọ yín fẹ́ wọlé.

Ní tiwa, kíláàsì kẹta ló wù wá jù fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀. Máàkì ni wọ́n ń wò níbẹ̀: ìwé kíkà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Àwọn tó wà lókè, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kí wọ́n wá kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ní ilé-ìwé tirẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọmọ, kì í ṣe pẹ̀lú ọmọ olówó Manhattan. Bí ọmọ yín bá wà ní kíláàsì kejì, ẹ gba káàdì máàkì rẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Bí máàkì bá dára tí ìwé ìpè kò sì dé, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ilé-ìwé tàbí ní Family Welcome Center tó sún mọ́ yín.