Ìkọ̀sílẹ̀ àti Ohun Ìní Tọkọtaya Nílẹ̀ Yorùbá: Láti Agbo-ilé dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga

Bí tọkọtaya bá pínyà, ta ni ó ni kí ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn. Mo gbé e wá síwájú ẹgbẹ́ wa nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tí ó mọ̀wé, ni ó gbà pé bí ìgbéyàwó bá tú ká, òfin yóò dá ohun gbogbo sí méjì ọgbọọgba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtàn.

Ní ayé àtijọ́, ẹbí méjì ni ìgbéyàwó so pọ̀. Nítorí náà ni ìtúká rẹ̀ fi ṣòro. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé kò sí. Bóyá ó bù ú pọ̀ díẹ̀, nítorí èdè wa ní orúkọ fún obìnrin tí ó kúrò nílé ọkọ tí ó padà sí ilé baba rẹ̀: ilémosú ni à ń pè é. A kì í sì í sọ ohun tí kò sí lórúkọ. Èyí tí ó dájú ni pé baálé àti àwọn àgbà agbo-ilé ni ó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìlàjà ni wọ́n sì ń wá. Bí ìlàjà bá kọ̀, tí obìnrin náà fẹ́ ọkọ mìíràn, a ó dá owó ìdána padà fún ọkọ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ a sì dúró ní ìdílé baba wọn.

Ní ti ohun ìní, ìlànà náà kò lọ́jú pọ̀: ti ọkọ ni ti ọkọ, ti aya ni ti aya. Ìyá mi àgbà, tí ó ń ta aṣọ, ní àpótí onígi kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní etí aṣọ rẹ̀. Bàbá àgbà a máa yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, a sì máa san án. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ rí pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àpótí náà. Nígbà tí mo wà lókè òkun fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, ẹnu yà mí láti kà pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí òfin 1882 tó dé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí obìnrin ní ni ó ń bọ́ sí abẹ́ àṣẹ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ohun tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fún obìnrin níbẹ̀, obìnrin oníṣòwò nílẹ̀ wa ti ní in tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ìlànà yìí ní ẹ̀yìn tí kò dára. Aya tí kò ṣòwò, tí ó jẹ́ pé oko kòkó ọkọ ni ó fi agbára rẹ̀ ṣe, tí ó ń kó kòkó, tí ó ń sá a, kò ní ìpín nínú oko náà bí ó bá jáde. Òógùn rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ náà. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ìyípadà méjì wá. Èkínní ni òfin ìgbéyàwó ti 1884, nígbà tí a ṣì ń ṣàkóso Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast. Láti ìgbà náà ni irú ìgbéyàwó méjì ti wà lábẹ́ ìjọba kan: ti àṣà, àti ti ìwé, èyí tí ó fi dandan lé ọkọ kan, aya kan. Agbára tí ilé-ẹjọ́ fún ìgbéyàwó onígbàgbọ́ hàn nínú ẹjọ́ Cole àti Cole ní 1898. Ọkùnrin kan tí ó ṣe ìgbéyàwó Kristẹni ní Sierra Leone kú ní Èkó. Arákùnrin rẹ̀ fẹ́ jogún gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ilé-ẹjọ́ kọ̀, ó ní òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò darí ogún náà. Ní ti ìgbéyàwó àṣà, ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní 1957 tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aya kì í jogún ọkọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀.

Èkejì ni ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀, tí òfin 1914 tò káàkiri, tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fi òfin 1957 sọ di kóòtù kọ́sítọ́márì. Obìnrin tí àwọn àgbà ń dá padà sí ilé ọkọ rí ibòmíràn sá lọ. Adájọ́ a ka owó ìdána, a dá a padà, ọ̀rọ̀ a parí. Ìgbà náà ni òwe yìí bọ́ sí ẹnu àwọn ènìyàn: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Obìnrin jèrè òmìnira. Ìlàjà pàdánù ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí oko kòkó, kóòtù kò yí ohunkóhun padà.

Òfin tí ó ń darí ìkọ̀sílẹ̀ ìgbéyàwó oníwèé lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, 1970. Kí ó tó dé, ẹni tí ó fẹ́ kọ ẹnì kejì ní láti fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ hàn. Láti 1970, ìdí kan ṣoṣo ni ó wà: pé ìgbéyàwó náà ti dàrú kọjá àtúnṣe. Àgbèrè, ìfinisílẹ̀ fún ọdún 1, tàbí gbígbé lọ́tọ̀ fún ọdún 3, wà lára ẹ̀rí tí a lè fi gbè é lẹ́sẹ̀. A kò lè gbé ẹjọ́ náà wá kí ìgbéyàwó tó pé ọdún 2 láìgba àṣẹ, àṣẹ ìtúká àkọ́kọ́ a sì máa dúró fún oṣù 3 kí ó tó di àṣepé. Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó ní agbára yìí. Ẹni tí ó ṣe ìdána tí ó sì tún ti ọwọ́ bọ̀wé, kóòtù kọ́sítọ́márì kò lè tú u sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn irú ìwé ìtúká bẹ́ẹ̀, inú ewu ni ó wà.

Ní ti ohun ìní, òfin náà kò dárúkọ ìdajì. Ohun tí ó bá tọ́ tí ó sì yẹ lójú adájọ́ ni ó ní kí a ṣe. Adájọ́ púpọ̀ ni ó sì ń béèrè ẹ̀rí: ìwé ilé, ìwé owó, orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀? Aya tí ó bọ́ ilé fún 20 ọdún kí ọkọ lè fi owó oṣù kọ́lé kì í gba ìwé owó fún ọbẹ̀ tí ó sè. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà àpótí àtijọ́ ṣe wọ ilé-ẹjọ́ tuntun: ó ń dáàbò bo ẹni tí ó ní àpótí, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí ó fi òógùn ṣe ti ẹlòmíràn jáde lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, èyí ni iṣẹ́ tí ó kù fún wa. Kí a kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí tọkọtaya tí ó jọ rà á jọ kọ orúkọ sí i, nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.