Ọdún Tí Bàámi Jẹ Pool

Nílé wa ní Ketu, a ní bí a ṣe ń ka ọdún tiwa. Bí màámi bá fẹ́ sọ ìgbà tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ku díẹ̀ kí bàbá yín jẹ pool nígbà yẹn," tàbí, "Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá yín ti jẹ pool." Ọdún 1994 ni wọ́n ń sọ. Mo kéré gan-an, ṣùgbọ́n mo rántí fíríìjì tuntun, mo rántí ewúrẹ́ tí wọ́n pa, mo sì rántí bí àwọn ará àdúgbò ṣe kún ilé wa bíi pé a ń sọmọ lórúkọ.

Nígbà tí bàámi jáde láyé, èmi ni wọ́n ní kí n tú àpótí wọn wò. Láàárín ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì iná ni mo ti rí ìwé 60 leaves mẹ́rin tí wọ́n fi okùn dì pọ̀. Gbogbo pool tí bàámi ta fún ọdún mọ́kànlá ló wà níbẹ̀: ọ̀sẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n mú, iye tí wọ́n san, iye tó wọlé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Irú wa kì í rí irú ìwé báyẹn kó má kó o sínú spreadsheet. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí pool ti wá, torí ẹ̀yin ọmọ Bet9ja lè má mọ̀ ọ́n.

Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ tẹlígíráàfù da owó pọ̀ láti dá tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Moores ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n tẹ ìwé 4,000, wọ́n pín in níwájú pápá Manchester United. Ìwé 35 péré ló padà wá. Nígbà tó yá, àwọn méjì tó kù ní ó tó gẹ́ẹ́. Moores ra ìpín wọn, ó sì tẹra mọ́ ọn. Littlewoods ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, òun ló sì sọ Moores di olówó ńlá. Bó ṣe ń lọ ni pé owó gbogbo àwọn tó ta á wọ inú ìkòkò kan, ilé-iṣẹ́ á yọ tirẹ̀, àwọn tó bá mú un á pín ìyókù. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní pool nìyẹn.

Nígbà tó dé Nàìjíríà, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà la ṣì ń ta. Ìwé á jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á fún ìdíje kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 1 dé 49. Iṣẹ́ tìẹ ni kí o mú àwọn tí yóò parí sí ọ̀mì. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá lọ ìsinmi, bọ́ọ̀lù Australia ló kàn. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, rédíò á máa ka èsì, ẹni tó bá sì pariwo nílé wa lásìkò yẹn ti wá wàhálà. Bàámi ò mọ ibi tí Stockport wà. Lọ́sẹ̀ yìí nọ́ńbà 23 ni Stockport, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nọ́ńbà 31. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ "perm". Bí o bá mú ìdíje 6, tí o fẹ́ kí mẹ́ta-mẹ́ta so pọ̀, ọ̀nà 20 ló wà. Bó bá jẹ́ 10 lo mú, ọ̀nà 120. Bàámi ò kọjá modern school, orí ni wọ́n fi ń ṣe é kí ẹlẹ́nu tó pa á dé. Ìṣirò yìí gan-an ni wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì, mo sì kàwé mọ́jú kó tó yé mi. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé bàámi, ó dà bíi pé ẹ̀kọ́ tí mo sanwó fún ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn látìgbà tí mo ti ń rá.

Àwọn òyìnbó ní ohun kan báyìí tí wọ́n ń pè ní fantasy poker. O ò ní fọwọ́ kan káàdì. Àwọn tó ń ta poker ni o máa yàn, bí wọ́n bá ta á dáadáa, ìwọ náà jẹ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ẹlòmíràn ní ń ṣeré, ìwọ jókòó sílé, o fi owó sórí orí ẹni ẹlẹ́ni. Kí ni bàámi ń ṣe ní Ketu bí kì í ṣe ìyẹn?

Poker tún kọ́ wa ní nǹkan kan. Ní 2003, akántáǹtì kan láti Tennessee tó ń jẹ́ Chris Moneymaker gba ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ World Series of Poker ní Las Vegas. Ó gbégbá orókè, ó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Ènìyàn 839 ló wọ ìdíje ńlá yẹn lọ́dún náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2,576. Ní 2006, 8,773. Ẹnì kan ló jẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló gbọ́. Nílé tiwa náà, lẹ́yìn 1994, mẹ́ta nínú àwọn ará àdúgbò wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta pool. Ewúrẹ́ bàámi ló pè wọ́n.

A kì í sábà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ewúrẹ́. Ní 1961, Keith Nicholson, awakùsà èédú kan ní Castleford, jẹ pool £152,319 lọ́wọ́ Littlewoods. Viv ìyàwó rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé ìnáwó, ìnáwó, ìnáwó ló kù. Jàǹbá mọ́tò pa Keith ní 1965. Owó náà tán, gbèsè sì bo Viv mọ́lẹ̀.

Ní Èkó, orúkọ tí àwọn àgbà mọ̀ ni Face to Face. Nídìí iṣẹ́ pool yẹn ni Kessington Adébùtú, ọmọ Ìpẹrù Rẹ́mọ, ti la ojú kó tó dá Premier Lotto sílẹ̀ ní 2001, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti kúrò, ó ku nọ́ńbà lásán: 1 dé 90, márùn-ún á jáde. Bí o bá mú méjì tí méjèèjì sì jáde, wọ́n á san ìlọ́po 240 owó ẹ fún ẹ. Ó dùn létí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí bàámi ṣe máa ń ṣe perm. Nínú nọ́ńbà 90, méjì-méjì tó lè so pọ̀ jẹ́ 4,005. Nínú márùn-ún tó jáde, méjì-méjì jẹ́ 10. Nípa bẹ́ẹ̀, nínú nǹkan bí 400 ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan lo máa jẹ. Bí 400 ènìyàn bá fi ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan sí i, 40,000 ló wọlé. Ẹnì kan, bó bá ṣe déédéé, á gba 24,000, á sì pariwo dé Mile 12. Àwọn 399 á rọra rìn lọ sílé. 16,000 á kù síbi tó kù sí.

Lẹ́yìn náà ni tẹ́tẹ́ wọ inú fóònù. Akin Alabi dá NairaBET sílẹ̀ ní 2009. Bet9ja dé ní 2013, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ sì ni Kúnlé Ṣónámẹ̀, tó ti jẹ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòsí-Ìsherí níbí, ní Kòsọ́fẹ́ tiwa. Ìjọba pàápàá jà sí i. Láti 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ lórí ẹni tó ni àṣẹ lórí lọ́tìrì. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko. Ẹ ò ní rí ẹni tó máa ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ nítorí ìkòkò òfìfo.

Mo wo ìtàn yìí láti Liverpool dé Ìkòsí, àwọn tí orúkọ wọn dúró nínú rẹ̀ ni àwọn tó gbé ìkòkò kalẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n jalè o. Ìṣirò ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Àwa tó ń ta á ni kì í kọ tiwa sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàámi kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi tẹ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún un pé kó ro gbogbo ohun tó jáde pọ̀, kó ro gbogbo ohun tó wọlé pọ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, torí mo rò pé mo ti ṣì í tẹ̀. Mi ò ṣì í tẹ̀. Owó 1994 yẹn, tòun ti fíríìjì àti ewúrẹ́, kò tó ohun tí bàámi ti san sídìí pool kó tó dọjọ́ náà. Wọ́n kàn dá díẹ̀ padà fún wọn nínú owó wọn ni.

Ó ṣe mí bákan. Bí ẹni tó lọ gbẹ́ ilẹ̀ ìyá ẹ̀ láti fi wá wúrà. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún màámi, ṣùgbọ́n àbúrò mi ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù lálaalẹ́, "ọdún tí Dádì jẹ pool" ló sì máa ń fi dá wa lóhùn. Ni mo bá gbé laptop lọ bá wọn ní yàrá, mo ṣàlàyé.

Màámi ò tiẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ní, "Èmi tí mò ń lọ ra ata ní Mile 12, ṣé o rò pé mi ò mọ iye tó ń dín nínú owó ọbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ sì ń sọ ọ́ bí ìtàn ayọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí bàbá yín tó jókòó, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò ṣírò nǹkan kan."

Mi ò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo padà sí yàrá mi, mo ṣí ìwé kẹta, níbi tí wọ́n ti fi bírò pupa fa ilà yí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n jẹ ká. Mo ṣí ojú ewé kejì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wà níbẹ̀, pẹ̀lú bírò búlúù tí wọ́n máa ń lò: perm mẹ́ta láti inú 10, ọ̀nà 120, ìlọ́po méjì owó tí wọ́n ti ń san tẹ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n máa ń kọ iye tó wọlé sí, wọ́n fa ìlà kékeré kan.

Mo ya fọ́tò ojú ewé náà, mo fi í ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.