Òfin Wo Aṣọ, Kò Wo Ọwọ́: Ìtàn Àwọn Aláró Abẹ́òkúta

Nígbà tí a bá dárúkọ ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn, ibi tí ẹ̀rọ ti ń ké tí òṣìṣẹ́ sì ń dé akoto. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àgbàlá ilé ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa, láàrin ọmọ, ewúrẹ́ àti kànga. Àgbàlá àwọn aláró Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, kí a lè rí bí òfin àti iṣẹ́ kékeré ti ń bá ara wọn gbé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Láyé àtijọ́, ewé ẹ̀lú ni orísun aró. Àwọn obìnrin a gún un, wọn a ṣù ú róbótó, wọn a sì sá a gbẹ. Wọn a sun igi di eérú, wọn a kó o sínú ìkòkò tí a lu nísàlẹ̀, wọn a sì da omi sí i. Omi tí ó bá kán sílẹ̀ lára eérú yìí ni wọn yóò fi rẹ ẹ̀lú, yóò sì tó ọjọ́ mélòó kan kí aró tó ṣeé rẹ aṣọ. Omi eérú náà a máa ta ni lára díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Iṣẹ́ náà ní ètò, ó ní èèwọ̀, ó sì ní òrìṣà tirẹ̀, Ìyá Màpó, tí àwọn aláró àti amọ̀kòkò ń bọ.

Nígbà tí aṣọ funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lọ́jà, adìrẹ oníko àti adìrẹ ẹlẹ́kọ di òwò ńlá ní Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń wá rà á láti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, àti láti Senegal. Bí ọjà ti ń yá sí i, ìkòkò tí ń fẹ́ ọjọ́ mélòó kan kò lè bá a sáré mọ́. Ìgbà náà ni àwọn aláró tẹ́wọ́ gba aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú: owó igi, owó ẹ̀lú àti àkókò wọn ni wọ́n ń ṣírò.

Kò pẹ́ tí ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 fi bo gbogbo ayé. Ọjà adìrẹ kú. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé adìrẹ kò dára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ̀bi náà sì bọ́ sórí sódà àti aró òyìnbó. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de méjèèjì. Àwọn aláró kò gbà. Ní ọdún 1936, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ààfin, wọ́n gbé e tọ ìjọba amúnisìn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo òfin náà. Ìyì aṣọ ni a tìtorí rẹ̀ gbé e jáde. Ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e: kí ni sódà ń ṣe sí ọwọ́ tí ń pò ó, àti sí ilẹ̀ tí a ń dà á sí? Nínú èdè wa, a máa ń fi òfin de nǹkan, a sì máa ń rú òfin. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé nígbà tí àwọn obìnrin wọ̀nyí gbọ́ òfin, ìdíwọ́ oúnjẹ ọmọ wọn ni wọ́n gbọ́.

Sódà kò sì kúrò lágbàlá títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara. Ó ń jẹ awọ, ó sì lè fọ́ ojú. Bí ó bá kan omi, gbígbóná ni yóò máa gbóná. Bí a bá da omi lé e lórí, ó lè hó kí ó ta sí ni lójú. Nítorí náà, omi ni a kọ́kọ́ ń bù sílẹ̀, kí a tó máa rọra da sódà sí i díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. Bí ó bá ta sí ojú, omi mímọ́ púpọ̀ ni a ó máa dà sí i láìdáwọ́ dúró, kí a sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Àjẹkù rẹ̀ tí a dànù ṣì ní agbára: ó lè pa ẹja inú odò, ó sì lè ba kànga jẹ́.

Kí ni òfin wá ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Èyí tí a jogún láti ayé amúnisìn, tí ó wà nínú àkójọ òfin ọdún 1958, ibi tí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà ni ó kà sí ilé-iṣẹ́. Aláró tí ó ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta kò sí nínú ìṣirò náà. Ọdún 1987 ni òfin tuntun sọ mẹ́wàá di ẹnì kan. Ní ọdún 1988, a bá májèlé tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní Kókò, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ọdún náà gan-an ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí yóò máa dáàbò bo àyíká sílẹ̀. NESREA gba ipò rẹ̀ ní 2007, ìlànà àyíká fún iṣẹ́ aṣọ sì jáde ní 2009. Òfin ti dé orí ìwé.

Ṣé ó ti dé àgbàlá? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kí ìyá aláró kan ní Abẹ́òkúta. Mo ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹnì kankan ti wá kọ́ yín bí a ti ń lo sódà yìí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, agbowó-orí mọ ọ̀nà ilé yìí dáadáa. Ẹni tí ò ń wí yẹn, mi ò tíì rí i.” Ó na ọwọ́ sí mi. Aró nìkan kọ́ ni mo rí níbẹ̀. Àpá sódà wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Èrò mi ni pé òfin tí ó bá wá bá aláró pẹ̀lú ìtanràn nìkan, sísá ni wọn yóò máa sá fún un. Ẹ jẹ́ kí ó gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wọn wọlé, kí ó di ohun tí ọmọ-iṣẹ́ ń kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ó ti ń kọ́ èèwọ̀ ìkòkò aró láyé àtijọ́. Iṣẹ́ ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì ni láti túmọ̀ ìlànà náà sí èdè tí àgbàlá gbọ́.

Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bí a bá jẹ́ kí sódà jẹ ọwọ́ náà tán, kí ni a ó fi tún un ṣe? Ẹ̀yin tí a jọ jókòó, ọ̀rọ̀ kàn yín.