Ọ̀ta àti Òpè: Wíwo Ọwọ́ Alátakò nínú Ìtàn Ìlọrin

Nínú gbogbo eré tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ fún wa, kò sí èyí tí ó ń kọ́ ènìyàn ní wíwo ẹnìkejì rẹ̀ tó ayò ọlọ́pọ́n. Ilé méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, mẹ́fà níwájú ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a sì ń kó sí ilé kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ wọn a sì jẹ́ 48. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, òun ni ó jẹ ẹ́. Kò sí ohun kan tí a fi pamọ́ lójú ọpọ́n. Èyí ni ó mú kí ayò yàtọ̀ sí káàdì, pàápàá sí eré pókà tí ó ti ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbi tí oníkálukú ti ń fi káàdì tirẹ̀ pamọ́, tí ó sì ń fi ojú wá ti ẹnìkejì. Síbẹ̀, ohun kan náà ni ọ̀ta ayò àti ọ̀jáfáfá nídìí pókà ń wá: èrò ọkàn ẹni tí ó jókòó ní iwájú wọn.

Ọ̀ta ni a ń pe ẹni tí ó mọ ayò ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Òpè a máa wo ilé tirẹ̀ nìkan. Ọ̀ta a máa wo ọwọ́ alátakò. A máa ṣọ́ ilé tí ojú ẹni náà ń lọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. A máa ṣọ́ bóyá onísùúrù tí ń kó ọmọ jọ sí ilé kan ni, tàbí oníwàǹwára tí kò lè rí ọmọ méjì kí ó má jẹ ẹ́. Bí kò bá tíì kàn án láti ta, yóò jókòó láàárín àwọn òǹwòran, yóò máa kọ́ ìwà ẹni tí yóò bá ta lọ́la. A kì í sábà fi owó sí i. Ní Ìlọrin, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé Súrà karùn-ún nínú Kùránì kọ tẹ́tẹ́. Iyì nìkan ni èrè ẹni tí ó bá borí. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ọ̀ta pàápàá kì í tètè fura sí. Bí ó bá ti fi ọgbọ́n kan borí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó lè máa rò pé bí ẹni àná ti ta ni ẹni òní yóò ṣe ta. Ìgbà mẹ́ta ni ewu yìí fara hàn nínú ìtàn Ìlọrin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ti àkọ́kọ́. Gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, Aláàfin Aólẹ̀ rán Kakaǹfò lọ gbógun ti Ìwéré, ìlú orí òkè tí ó ṣòro láti kó. Àṣà sì ni pé Kakaǹfò gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni a ó gbé wálé. Àfọ̀njá ka èrò ọba. Ó mọ̀ pé ẹ̀mí òun ni Aólẹ̀ ń wá, kì í ṣe Ìwéré. Òun àti àwọn ìjòyè ọmọ ogun yí padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aláàfin, Aólẹ̀ sì pa ara rẹ̀.

Ẹni tí ó mọ ọba kà báyìí kò mọ àwọn tí ń bẹ lábẹ́ òrùlé tirẹ̀ kà. Nígbà tí ó fẹ́ gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ó pe Ṣéù Àlímì, àlùfáà Fúlàní, sí Ìlọrin. Ó sì gba àwọn ẹrú Haúsá tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí olówó wọn ní nǹkan bí 1817 sínú ẹgbẹ́ ogun rẹ̀. Ṣọlágbẹrù, olórí àwọn Yorùbá tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, tẹ̀dó sí Òkè Sùnà. Lójú Àfọ̀njá, irinṣẹ́ ni gbogbo wọn jẹ́ tí òun ó fi dojú kọ Aláàfin. Ó ti tẹjú mọ́ Ọ̀yọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí i pé àwọn ọmọ ogun náà ní ohun mìíràn lọ́kàn. Johnson sọ pé Fágbohùn, olórí Jàbàtá, kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Nígbà tí ó wá fẹ́ tú wọn ká, ọwọ́ ti bọ́. Ní nǹkan bí 1824 wọ́n pa á, Ṣọlágbẹrù kò sì gbà á sílẹ̀. Abdulsalam, ọmọ Àlímì, di Ẹ́mírì àkọ́kọ́, Ṣọlágbẹrù náà sì ti ọwọ́ rẹ̀ kú lẹ́yìn èyí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ó yẹ kí a rántí pé láti ìhà Ọ̀yọ́ ni Johnson ti kọ̀wé. Àwọn tí ń sọ ìtàn náà láti ìhà ilé Ẹ́mírì kò kà á sí ọ̀dàlẹ̀. Ìdásílẹ̀ ìlú Mùsùlùmí ni wọ́n kà á sí. Ìyàtọ̀ yìí kò pa ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rẹ́. Ohun tí ẹnìkan ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, ìgbàgbọ́ ni lójú ẹlòmíràn; ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ni Àfọ̀njá kò fi sínú ìṣirò rẹ̀.

Ti èkejì kan àwọn tí wọ́n jogún Àfọ̀njá. Ẹṣin ni agbára Ìlọrin. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹlẹ́ṣin a máa tú àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ká bí ẹyẹ. Ní nǹkan bí 1836, nínú Ogun Elédùwẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ àti àwọn ará Bàrùbá tí wọ́n wá ràn án lọ́wọ́, Ọ̀yọ́-Ilé sì di ahoro. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọjú sí gúúsù, wọ́n dó ti Òṣogbo. Ìbàdàn ni ó wá gba Òṣogbo sílẹ̀ ní nǹkan bí 1840, Ọdẹ́rìnlọ ni ó sì ṣáájú ogun náà. Púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun Ìbàdàn jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun Ìlọrin ti lé kúrò nílé. Wọ́n ti rí eré ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì ti sanwó ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò bá ẹṣin jà ní ọ̀sán gangan lórí pápá. Òru ni wọ́n wọ ibùdó Ìlọrin, nígbà tí ẹṣin wà lórí ìso tí ojú ẹlẹ́ṣin kò sì ríran. Ìlọrin fọ́nká, a mú púpọ̀ nínú àwọn ìjòyè ogun wọn, ìṣẹ́gun wọn síhà gúúsù sì dúró níbẹ̀. Ojú tí Ìlọrin fi ń wo Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi wo Ìbàdàn, wọn kò sì mọ̀ pé Ìbàdàn ti ń wo àwọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ti ẹ̀kẹta dé ní oṣù kejì ọdún 1897. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, ti ṣẹ́gun Bídà ní oṣù tí ó ṣáájú. Síbẹ̀, ẹṣin náà ni Ìlọrin tún kó jáde. Ìbọn Maxim dá àwọn ẹlẹ́ṣin dúró kí ọ̀kọ̀ wọn tó kan ẹnikẹ́ni. Àgbá sì dún lu ìlú. Ẹ́mírì Sùlémánù ní láti bá Goldie ṣe àdéhùn. Kì í ṣe ìgboyà ni ó wọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin náà. Ọgbọ́n tí ó ti gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá àtijọ́ ni wọ́n gbé ko ọ̀tá tuntun.

Kì í sì ṣe Ìlọrin nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ìbàdàn tí ó jẹ́ ọ̀ta ní Òṣogbo di òpè nínú Ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti ń jọba lé lórí kó ìbọn ìgbàlódé wá láti Èkó. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ìlọrin kò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé agbára Kakaǹfò kò tó, tàbí pé ẹṣin kò wúlò. Agbára náà tó, ẹṣin náà sì wúlò, ní ìgbà tiwọn àti níwájú àwọn tí wọ́n bá wọn mu. Ohun tí ó yẹ kí ó bi àwọn ọmọ ni èyí: ta ni ó jókòó ní ìhà kejì ọpọ́n ní ìgbà yìí, kí ni ẹni náà sì ti kọ́ láti ara eré tí ó kọjá?