Ilẹ̀kùn Tó Ṣí ní Aago Mẹ́ta Òru

Ọjọ́rú, ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017. North Kensington, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Aago 12:54 òru

Fíríìjì kan gbiná nínú fúláàtì kan ní àjà kẹrin Grenfell Tower. Wọ́n pe àwọn panápaná, ọkọ̀ wọn sì dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ká ní iná náà mọ sí ilé ìdáná tó ti ṣẹ́ ni, àdúgbò yẹn nìkan ni ì bá gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016 ni wọ́n parí àtúnṣe ilé náà, wọ́n fi pátákó aláúmíníọ́mù tó ní ike láàárín bo ara rẹ̀ yí ká. Ike yẹn ni iná rí jẹ. Kí aago kan ààbọ̀ tó lù, ó ti gun ilé alájà 24 náà dé òkè pátápátá.

Ohun tí wọ́n ti sọ fún àwọn olùgbé tẹ́lẹ̀ ni pé bí iná bá ṣẹ́ ní fúláàtì ẹlòmíràn, kí kálukú jókòó sílé, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Aago 2:47 ni wọ́n tó yí àṣẹ náà padà. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé ọ̀hún. Oṣù Ramadan ni, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò sì tíì sùn, wọ́n ń retí àkókò sààrì. Nínú wọn ni àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wọn, tí wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n jáde.

Aago 3 òru

Fóònù jí Alan Everett lójú oorun. Òun ni fíkà ìjọ Áńgílíkà St Clement's, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò jìnnà sí ilé tó ń jó. Àlùfáà mìíràn tó ń gbé nítòsí ló pè é. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe kò ju méjì lọ: ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tan àwọn iná rẹ̀. Kò dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀, kò dúró de ìwé àṣẹ. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ iná àti àwọn tí wọ́n ní kó kúrò nínú àwọn ilé tó yí Grenfell ká wà lójú títì pẹ̀lú aṣọ ìsùn lára. Wọ́n rí ibi tó mọ́lẹ̀, wọ́n wọlé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dì sí lójú tèmi. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí ilẹ̀kùn. Kí ẹni tó wà nínú ìpayà tó lè gba ẹnu ilẹ̀kùn kan wọlé láìbẹ̀rù, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1867 ni St Clement's ti wà láàárín àwọn aláìní àdúgbò yẹn. Láti inú ìjọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláàánú ClementJames ti jáde, àwọn tó ń bá ọmọ iléèwé ṣe iṣẹ́ àmúrelé, tí wọ́n ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́. Ìyá tí kò wá síbi ìsìn rí, tó jẹ́ Mùsùlùmí pàápàá, lè ti mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ọwọ́ fíkà kàn yí kọ́kọ́rọ́ ni.

Aago 4:43 òwúrọ̀

Oòrùn yọ. Ilé náà ṣì ń jó, èéfín rẹ̀ sì hàn káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Láàárọ̀ náà, Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì Notting Hill tó wà ní Lancaster Road ṣílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni Latymer Community Church. Mọ́ṣáláṣí Al-Manaar ṣí tirẹ̀ fún onígbàgbọ́ gbogbo àti ẹni tí kò ní ẹ̀sìn.

Tíì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Omi ń hó, ife ń lọ, kúbùsù ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ilé tó jó rí mọ̀ pé lẹ́yìn tíì, ohun tí èèyàn ń bèèrè kì í ṣe ohun tí a máa ń kó wá fún un. Ẹni tó sáré jáde lóru kò mú bàtà. Kò mú awò ojú, kò mú oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí pàḿpásì fún ọmọ ọwọ́. Fóònù tó ń fi pe àwọn èèyàn rẹ̀ tó ṣì wà lókè ti ń kú lọ, kò sì sí ṣájà. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ tó ní òye máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣájà yẹn.

Aago 8:07 òwúrọ̀

Ẹni ìkẹyìn tó jáde láàyè kúrò nínú ilé náà jáde. Èèyàn 65 ni àwọn panápaná ti gbà là lóru yẹn.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yí padà. Àwọn tó ń wọlé báyìí kì í ṣe ẹni tó ń wá ibi jókòó nìkan. Wọ́n ń wá èèyàn. Wọ́n á ti St Clement's lọ sí ibùdó mìíràn, wọ́n á gba ibẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á tún padà. Ìbéèrè kan náà ni: ẹ bá mi wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo orúkọ wà nínú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń kọ orúkọ: ta ló jáde, ta ni wọn ò tíì rí, nọ́ńbà fóònù ta ni kí wọ́n pè. Àwòrán àwọn tí wọ́n ń wá bẹ̀rẹ̀ sí í kún ara ògiri.

Mo gbà pé iṣẹ́ ìwé orúkọ yìí ló wúwo jù lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń pín búrẹ́dì máa rí ẹ̀rín díẹ̀. Ẹni tó mú bírò dání, tó ń wo orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí bàbá kan dúró níwájú rẹ̀, tí kò rí orúkọ náà, kí ni yóò sọ?

Ọ̀sán

Ọlọ́pàá kéde òkú mẹ́fà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sọ ọ́ di 12. Gbogbo ẹni tó wo ilé náà mọ̀ pé yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn 72 ló bá iná náà lọ ní ìgbẹ̀yìn, 18 nínú wọn jẹ́ ọmọdé.

Ní wákàtí yìí kan náà ni ẹrù ń ya wọ àdúgbò bí omi òjò. Ọkọ̀ ń já aṣọ, ọkọ̀ ń já omi inú ike. Àwọn Sikh gbé oúnjẹ wá. Graham Tomlin, Bíṣọ́ọ̀bù Kensington nígbà náà, wà láàárín àwọn èèyàn. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn tò láti ẹnu ọ̀nà dé inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ya aṣọ ọmọdé sọ́tọ̀, wọ́n ń ya bàtà sọ́tọ̀. Kó tó di alẹ́, àwọn ibùdó kan ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má kó nǹkan wá mọ́, kò sí àyè.

Nǹkan tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó lè dá ìdílé kan lóhùn pé: ibí ni ẹ máa sùn lálẹ́ òní, èmi ni kí ẹ pè lọ́la. Ìjọba ìbílẹ̀ Kensington àti Chelsea ló yẹ kó sọ ọ́. Wọ́n tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdárayá Westway, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé kò rí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan bá sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir Martin Moore-Bick darí sọ ọ́ kedere pé ìjọba ìbílẹ̀ yìí kò múra sílẹ̀, pé wọn kò ka àìní àwọn Mùsùlùmí tó ń gbààwẹ̀ sí tó, àti pé àwọn ará àdúgbò ni ìyìn tó ga jù tọ́ sí.

Aago 9:19 alẹ́

Oòrùn wọ̀. Àwọn tó ń gbààwẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ti ń ru ẹrù láti òru, ṣínu. Ẹni tó bá ń wá ìyàtọ̀ láàárín ìjọ àti mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò dí tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń pín àwọn ìdílé sí òtẹ́ẹ̀lì. Ibí ni agbára ṣọ́ọ̀ṣì pin sí, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ìjọ lè fúnni ní tíì, bàtà, orúkọ lórí ìwé àti èjìká láti sunkún lé. Kò ní ilé láti fún ìdílé tó lé ní 200. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, Theresa May, olórí ìjọba nígbà náà, wá sí St Clement's, àwọn èèyàn sì fi ìbínú pàdé rẹ̀ níta. Ìlérí ìjọba rẹ̀ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kálukú yóò ti rílé. Ọdún kan kọjá, ọ̀pọ̀ ìdílé kò tíì wọ ilé tó jẹ́ tiwọn. Àwọn ọmọ kan ń lọ síléèwé láti òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí ìyá wọn kò ti ní iná ìdáná tó lè fi se ọbẹ̀.

Aago 1:14 òru, Ọjọ́bọ̀

Àwọn panápaná kéde pé ọwọ́ àwọn ti ká iná náà. Ní St Clement's, aṣọ ṣì wà nílẹ̀ láti yà sọ́tọ̀, ìwé orúkọ kò sì tíì pé.