Ọjọ́ Tí Wọ́n Wó Ère Nkrumah Lulẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Gánà. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Kumasi kí wọ́n tó lé wọn wálé. Lọ́dún 1985, nígbà tí àwọn sọ́jà tún gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn níbí, tí rédíò ń kọrin ológun ṣáá, àwa ọmọdé bú sáyọ̀, àwọn àgbà kan náà ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Gánà kò yọ̀ ní tiwọn. Wọ́n ká aṣọ títà wọn wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n ní: "Ẹ rọra jó o. Èmi náà ti jó irú ẹ̀ rí."

Ijó wo ni ìyá yìí ń wí? Ijó Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 1966 ni, ọjọ́ tí àwọn ológun lé Kwame Nkrumah kúrò lórí oyè ní ilẹ̀ Gánà. Mo fẹ́ ká jọ yẹ ijó náà wò, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò tíì tán títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òtítọ́: ará Gánà kì í ṣe aláìmoore. Nkrumah yìí kan náà ni wọ́n gbé lé èjìká lóru ọjọ́ tí òmìnira dé, ní oṣù Kẹta ọdún 1957. Ó kọ́ ilé-ìwé, ó kọ́ èbúté Tema, oṣù kan péré kí wọ́n tó lé e ló ṣí ìdídò ńlá Akosombo tó ń fún wọn ní iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà tó ń kọ́lé ló ń ti ènìyàn mọ́lé. Láti ọdún 1958 ni òfin ti wà pé ìjọba lè gbé ẹni tó bá fẹ́ sẹ́wọ̀n láìgbé e dé ilé-ẹjọ́. J. B. Danquah, ọ̀kan nínú àwọn tó jà fún òmìnira ilẹ̀ náà, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nsawam ló kú sí ní oṣù Kejì ọdún 1965. Lọ́dún 1964, ẹgbẹ́ òṣèlú di ẹyọ kan ṣoṣo. Bí èyí ti ń lọ lọ́wọ́ ni owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ọjà wá di àwátì, mílíìkì àti ṣúgà di ohun tí ènìyàn ń tò fún. Ẹni tó bá sì ráhùn yóò kọ́kọ́ wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kó tó la ẹnu.

Nkrumah kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó ń lọ sí Hanoi nítorí ogun Vietnam, ìlú Peking ló wà tí ìròyìn fi bá a. Ní òwúrọ̀ kùtù, ohùn Ọ̀gágun Kotoka jáde lórí rédíò pé ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ ológun àti ọlọ́pàá. Ìbọn ń dún ní Flagstaff House, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ ti ń bá àwọn sọ́jà tó dìtẹ̀ jà. Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ rédíò lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ìgbà tó wá dájú pé ìjọba ti bọ́, ìgboro kún. Àwọn ọlọ́jà obìnrin kun ẹfun sójú sápá bí àwọn Akan ti ń ṣe nígbà ìṣẹ́gun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ jáde, kálukú gbé pátákó tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò jẹ́jọ́, àwọn ẹbí wọn ń dì mọ́ wọn, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Ère Nkrumah tó wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n wó o lulẹ̀, orí rẹ̀ já, àwọn ọmọdé gun ún mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń fọ́nnu pé òun gan-an ni Gánà, a kò rí i kí ó jáde gbèjà ọ̀gá rẹ̀. Àwọn kan tó ń pariwo "Osagyefo" lánàá ti wà láàárín àwọn tó ń jó.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan. Ẹni tó ń sunkún ọ̀fọ̀ kì í jáde síta lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń jó. Àwòrán tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, àwọn oníjó nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú yàrá, tó gbá orí mú, ta ni yóò ya tirẹ̀?

Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n pọ̀ lọ́jà Kumasi, Accra àti Tamale: ará Ogbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Inísà, ará Ṣakí. Ìyá Gánà ní àwọn náà jó, nítorí àjèjì tí kò bá jó nígbà tí onílé ń jó, wọ́n á bi í pé kí ló ń dùn ún. Ní ọdún 1969, àwọn ológun gbé ìjọba fún Busia tí ìlú dìbò yàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba tuntun yìí pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ onílé tún pàtẹ́wọ́. Ìyá Gánà ta aṣọ wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì fi ọmọ méjì àti ẹrù díẹ̀ sínú ọkọ̀ wálé.

Àtẹ́wọ́ kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1972, Acheampong lé Busia, àwọn ènìyàn tún yọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Nkrumah kú ní ilẹ̀ Romania. Nígbà tí òkú rẹ̀ fi dé Gánà ní oṣù keje, èrò rọ́ wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1979, àwọn sọ́jà kéékèèké yọ Rawlings ní àtìmọ́lé, wọ́n sì gba ìjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọ́de pé kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí i. Wọ́n yìnbọn pa ọ̀gágun mẹ́jọ, mẹ́ta nínú wọn ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè rí. Afrifa tó bá Kotoka gbìmọ̀ lọ́dún 1966 wà lára wọn. Ní oṣù kẹjọ, àwọn sọ́jà wó ọjà Makola ní Accra palẹ̀, wọ́n ní àwọn obìnrin ibẹ̀ ń kó ọjà pamọ́, wọ́n sì na àwọn ọlọ́jà lẹ́gba ní gbangba. Ọlọ́jà obìnrin ló kun ẹfun jó fún sọ́jà lọ́dún 1966. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Èmi kò dá àwọn oníjó lẹ́bi. Ẹni tí ebi ń pa, tí wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́lé láìjẹ́jọ́, bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí ló fẹ́ ṣe bí kò ṣe kó yọ̀? Ohun tó lọ ni wọ́n ń jó fún. Wọn kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé sọ́jà gbọ́ àtẹ́wọ́, ó kà á sí ìbò. Ìbò ní ọjọ́ tí a óò tún un dì. Àtẹ́wọ́ kò ní. Bí ẹni tí a pàtẹ́wọ́ fún bá bẹ̀rẹ̀ sí í na ni lẹ́gba, ta ni a fẹ́ gbé e lọ bá? Mo rántí èyí nígbà tí èrò kún ìgboro Conakry ní ọdún 2021, àti Niamey ní ọdún 2023, tí wọ́n ń yọ̀ mọ́ sọ́jà.

Ẹni tó bá dé Accra, kó yà síbi ibojì Nkrumah. Ère tí wọ́n wó lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀ láìlórí, orí rẹ̀ sì wà lórí òpó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ náà kan ló gbé orí yìí pamọ́, ọdún 2009 ló tó dá a padà fún ìjọba. Láàárín ariwo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀, ó gbé ohun tí àwọn yòókù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un lọ sílé. Àfi bíi pé òun náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Gánà: ẹ rọra jó o.