Kí Owó Tó Wọlẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti Jẹ́dà àti Obhur fún Ẹni tó Fẹ́ Dá Òwò Sílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń pèsè fún gbogbo ẹ̀dá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba Jẹ́dà kọjá, tí a bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú aṣọ hárámí lára, tí ọkàn wa sì ti wà ní Mẹ́kà kí ẹsẹ̀ wa tó kan ilẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló máa ń ronú kan Obhur, àdúgbò tó wà ní àríwá ìlú náà, níbi tí Òkun Pupa ti ya wọ inú ilẹ̀ bí ẹni na ọwọ́. Níbẹ̀ ni ilé gogoro kan wà tí wọ́n ń pè ní Jeddah Tower, èyí tí wọ́n pète pé yóò ga ju 1,000 mítà lọ. Ìtàn ilé yìí, àti àwọn ìtàn kan tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ilẹ̀ náà, ni a fẹ́ sọ, nítorí ọ̀ràn kan tó ń jẹ wá lọ́kàn nínú ìjọ wa.

Ọ̀ràn náà ni òwò tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ máa gbé oúnjẹ ilé wa dé ẹnu ọ̀nà àwọn oníbàárà, ẹlòmíràn fẹ́ ṣe áàpù tí àwọn arìnrìn-àjò Hajj yóò máa lò. A máa ń bá wọn yọ̀, a sì máa ń dá owó jọ fún wọn. Ṣùgbọ́n owó tí a ń dá jọ yìí, owó àjọ àwọn ìyá wa ni. Owó tí ẹnìkan fi iṣẹ́ òru kó jọ fún ìrìn-àjò Hajj rẹ̀ ni. Nígbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wọmi, kì í ṣe owó nìkan ló ń lọ. A ti rí ibi tí àwọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kò ti lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìlà ìrun mọ́.

Kí ló wá yẹ kí ẹni tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ ṣe kí ó tó gba owó ọmọlàkejì rẹ̀? Ní tiwa, kí ó wá àbá tí gbogbo òwò náà dúró lé, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ wó nìyẹn. Kí ó dán àbá náà wò ní kíákíá, ní kékeré, nígbà tí àṣìṣe kò tíì wọ́n. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá.

Èyí kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn ẹ̀sìn wa. Ìròyìn òtítọ́ inú Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti dé etí Khadija kí ó tó fi ọjà rẹ̀ rán an. Síbẹ̀, kò gbára lé ìròyìn nìkan. Ó gbé ọjà lé e lọ́wọ́ fún ìrìn-àjò sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó sì ní kí Maysara, ìránṣẹ́ rẹ̀, bá a lọ. Wọ́n padà sí Mẹ́kà pẹ̀lú èrè, Maysara sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, ohun tí Khadija mọ̀ kì í ṣe ohun tí ó gbọ́ lásán mọ́.

Bákan náà ni ti Abdur-Rahman ọmọ Awf. Nígbà tó ṣí kúrò ní Mẹ́kà dé Mẹ̀dínà, Sa'd ọmọ ar-Rabi' fẹ́ pín ohun ìní tirẹ̀ sí méjì fún un. Ó ṣàdúà fún Sa'd, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun. Wàrà gbígbẹ àti bọ́tà ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Banu Qaynuqa. Ẹ kíyè sí i pé kò gba ìdajì ọrọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó mọ ohun tí ọjà ìlú náà ń fẹ́. Ọjà kékeré ló fi bi àwọn ará Mẹ̀dínà léèrè, wọ́n sì fi owó dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Jẹ́dà. Ní nǹkan bí 1930, ìdààmú ọrọ̀ ajé gba gbogbo ayé, iye àwọn tó ń wá ṣe Hajj sì dínkù gidigidi. Owó tí ń wá láti ọwọ́ àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí ni ìjọba Ọba Abdul-Aziz gbé ara lé jù. Ìṣòro ńlá ni fún ọba. Ní 1931, Charles Crane, ọlọ́rọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, wá kí i ní Jẹ́dà, ó sì gbà láti san owó onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí yóò wá omi abẹ́ ilẹ̀ kiri Hijaz. Bí omi bá wà, oko yóò wà, ọ̀nà ìjẹun mìíràn yóò sì ṣí sílẹ̀. Karl Twitchell ni wọ́n rán. Ó rìn tó nǹkan bí 1,500 máìlì nínú oòrùn àti iyanrìn, ìdáhùn tó sì mú padà wá kò dùn létí. Kò rí àmì pé omi wà ní abẹ́ ilẹ̀ náà tó lè fúnra rẹ̀ tú jáde sókè.

Ẹlòmíràn lè pe èyí ní òfo. Àwa pè é ní èrè. Wọn kò tíì pín ilẹ̀ oko, wọn kò sì tíì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ síbi tí omi kò sí. Iye tí ìrìn-àjò ìwádìí náà náni nìkan ló lọ. Àǹfààní mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Nítorí pé Twitchell fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀, ó rí ohun tí wọn kò rán an láti wá. Ó dé ibi ìwakùsà góòlù àtijọ́ ní Mahd adh-Dhahab, èyí tí wọ́n tún ṣí lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tó la ọ̀nà fún àwọn ará Amẹ́ríkà tó wá wá epo rọ̀bì.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 1933, ní Jẹ́dà yìí kan náà, ìjọba Saudi àti ilé-iṣẹ́ Standard Oil of California fọwọ́ sí àdéhùn epo. Àbá lásán ni epo náà nígbà yẹn. Ilé ìfọpo kò tíì sí, páìpù ńlá kò tíì sí. Kànga ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́ ní Dammam ní 1935, ṣùgbọ́n àwọn kànga ìṣáájú kò mú epo tó tó tà jáde. Max Steineke, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, gbà wọ́n nímọ̀ràn láti gbẹ́ jìn sí i. Ní oṣù Kẹta 1938, kànga keje tú epo jáde. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe pé kí a máa ṣe ohun kan náà títí yóò fi bọ́ sí i. Ohun tí kànga kan bá kọ́ wọn ni wọ́n fi ń gbẹ́ òmíràn. Sùúrù nìyẹn. Orí kunkun ni kí a máa tún ohun tó kùnà ṣe láìyí ohunkóhun padà.

Ní báyìí, a padà sí Obhur. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé èrò ilé gogoro náà jáde, máìlì kan gbáko ni wọ́n ní yóò ga, ìyẹn nǹkan bí 1,600 mítà. Ní 2008, àyẹ̀wò ilẹ̀ mú iyèméjì wá bóyá ilẹ̀ etí òkun náà lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Gíga rẹ̀ wá sílẹ̀ nínú àwòrán tuntun. Láti 2013, wọ́n gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ lé orí òpó 270, tí àwọn kan nínú wọn wọlẹ̀ ju 100 mítà lọ. Ìdánwò yẹn ṣiṣẹ́, ilẹ̀ kò sì já wọn kulẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní 2018, nígbà tí ilé náà ti lé ní àjà 60, iṣẹ́ dúró. Ìṣòro tó bá agbaṣẹ́ṣe ló dá a dúró. Ọdún méje ni ilé náà fi dúró bẹ́ẹ̀, kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé òwò kì í dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó dán ilẹ̀ wò gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè nípa àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́, àti nípa owó tí yóò gbé iṣẹ́ náà dé òpin.

Báwo ni a ṣe lè lo ẹ̀kọ́ yìí láàárín ara wa? Ẹni tó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ, kí ó kọ́kọ́ se ìkòkò kan ní ọjọ́ Sátidé mẹ́rin, kí ó tà á ní iye tó fẹ́ máa tà á, kí ó sì ka iye àwọn tó padà wá rà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó fẹ́ ṣe áàpù, kí ó kọ́kọ́ fi fóònù àti ìwé àkọsílẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà fún ènìyàn mẹ́wàá. Bí wọn kò bá sanwó fún un báyìí, áàpù kò ní mú wọn sanwó. Ẹ má ṣe ka ìyìn sí ọjà. Bí a bá sọ fún ọmọ wa pé máṣáà Allah, ìfẹ́ ló mú wa sọ ọ́, kò túmọ̀ sí pé a ó rà. Ẹni méjì tó fẹ́ pa owó pọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ jọ ṣe iṣẹ́ kékeré kan parí. Kí ìdánwò sì tó bẹ̀rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a kò bá rí iye báyìí títí di ọjọ́ báyìí, a ó dúró, tàbí kí a yí ọ̀nà padà. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ìfẹ́ òwò rẹ̀ ni yóò máa bá a túmọ̀ àbájáde.

Àwa náà tí a ń dá owó ní ipa tiwa. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ohun tí ọmọ wa ti dán wò kí a tó béèrè iye tó ń wá. Ẹni tó bá sì wá sọ fún wa pé òun dán an wò, kò ṣiṣẹ́, owó yín rèé, ẹ jẹ́ kí a bu ọlá fún un ju ẹni tó fi ìtìjú pa òtítọ́ mọ́ títí gbogbo rẹ̀ fi tán. Gbígbára lé Ọlọ́hun kò sọ pé kí a má so ràkúnmí wa mọ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì má jẹ́ kí owó tú ìjọ wa ká. Àmín.